Orí Kẹfà: Kí Ló Dé Tí Ọ̀rẹ́ Ojú Ogun Kì Í Gbó?

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ láyé díẹ̀ nílẹ̀ wa yóò rántí àwọn baba kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí sójà Bọ́mà, àwọn tí wọ́n ti ogun Hítílà dé ní ọdún 1945 àti 1946, tí wọ́n padà sídìí oko, iṣẹ́ ọba tàbí òwò, tí wọ́n fẹ́yàwó, tí wọ́n bímọ, tí àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ joyè. Àwọn baba wọ̀nyí ní ẹbí, wọ́n ní ará, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń dáṣọ lọ́dọọdún. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan tí àwọn jọ wà nínú ogun náà ṣì wà láàyè ní ìlú mìíràn, ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe àna, tí èdè abínibí rẹ̀ pàápàá lè yàtọ̀ sí tiwọn, wọn a wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bí orúnkún ti ń ro wọ́n tó. Bí wọ́n bá sì débẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá ara wọn sọ lè má tó nǹkan. Wọn a jókòó, wọn a dárúkọ ibì kan, wọn a dárúkọ ẹnì kan, orí a mì, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bá wọn délé lọ́jọ́ náà yóò rí i pé ara tù wọ́n ju ti ìgbà tí wọ́n ń lọ.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, nítorí bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ìyàwó, ọmọ, iṣẹ́ àti ibùgbé ń ya ọ̀rẹ́ nípá. Kí ló wá dé tí àwọn tí wọ́n jọ yè bọ́ lójú ogun kan náà fi ń ṣọ̀rẹ́ gba ogún ọdún, tí wọ́n ń ṣe é gba ogójì, tí wọ́n ń ṣe é gba ọgọ́ta, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ ogbó gan-an, nígbà tí okùn ọ̀rẹ́ mìíràn ń tú, ni tiwọn ń le sí i? Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn. Díẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ wà nínú ọpọlọ, díẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti kú. A ó máa tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ aṣọ ogun títí di ọjọ́ tí irun orí wọn funfun.

Ogun kan láàárín ọ̀pọ̀ ogun

Kí ọ̀rọ̀ wa lè rí ilẹ̀ tẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí àfonífojì odò Kaladan, ní ilẹ̀ Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1943, ti bá àwọn ará Jàpáànì jà. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Góòlù Kóòsì tí í ṣe Gánà lónìí, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà ni wọ́n, àmì aláǹtakùn sì wà léjìká aṣọ wọn. Igbó ibẹ̀ kò ní ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ṣe é tọ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù gun òkè, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn.

Isaac Fadoyebo wà láàárín wọn, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì yọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lójijì létí odò, ìbọn sì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n fi ara gbọgbẹ́ tí wọ́n sì kù sínú igbó náà, òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni ó ṣẹ́kù láàyè nígbẹ̀yìn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman gbé wọn pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí ọ̀tá bá ká wọn mọ́ òun lọ́wọ́, orí òun àti ti ìdílé òun ni yóò fi dí i. Ó di oṣù kejìlá kí àwọn ọmọ ogun Gurkha tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì tó dé, tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀. Fadoyebo kọ ìtàn náà sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips sì gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó wá ẹbí Shuyiman rí, ó sì fi sinimá gbé ìtàn náà jáde ní ọdún 2011. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣe baba náà lóore, oore náà kò sì tíì di ohun àná lọ́kàn rẹ̀. Irú ìdè báyìí, tí ọdún kò lè já, ni a fẹ́ tú wò.

Ẹsẹ̀ tí ó jọ ń lọ

Okùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kí ìbọn kankan tó dún, ní pápá tí ọgá sójà ti ń pariwo lẹ́fúráìtì. Ẹni tí ń wòran lè máa rò pé kíkọ́ ènìyàn ní ìrìn kò ju ọ̀nà àtimú kí ó gbọ́ràn lọ. Ṣùgbọ́n William McNeill, òpìtàn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n mú wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1941, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1995 pé nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú oòrùn ilẹ̀ Texas, inú òun a máa gbòòrò, bí ẹni pé òun ti di apá kan nínú ohun tí ó tóbi ju òun lọ.

Àwọn onímọ̀ ní Oxford dán ohun tí ó jọ èyí wò lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tukọ̀ ìdíje fún yunifásítì wọn. Wọ́n ní kí wọ́n tukọ̀ lórí ẹ̀rọ, lọ́jọ́ kan kí olúkúlùkù dá tirẹ̀ tù, lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n jọ tù ú, kí ọwọ́ wọn sì máa bá ara wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n wé àpò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn lápá, wọ́n ń fẹ́ ẹ títí tí ẹni náà fi sọ pé ó ti ń dun òun. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tí wọ́n lò nígbà méjèèjì kò yàtọ̀, ìrora tí ara wọn lè gbà lẹ́yìn tí wọ́n jọ tukọ̀ pọ̀ ju èyí tí ó gbà lẹ́yìn tí olúkúlùkù dá a tù. Ọpọlọ ní oje kan tí ó ń tú sílẹ̀ láti rọ ìrora lójú, tí ó sì ń mú inú dùn; oje apàrora ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Iṣẹ́ agbára ń fà á jáde, àlàyé àwọn onímọ̀ náà sì ni pé iṣẹ́ agbára tí a ṣe ní ìṣísẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn ń fà á jáde jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìtura tí ara ń gbádùn a sì so mọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ wá ro iye ìgbà tí ọmọ ogun méjì jọ rìn kí wọ́n tó dé Kaladan, kí ẹ sì mọ̀ pé ara wọn ti mọ ara wọn kí ẹnu wọn tó sọ ọ́.

Aró tí kì í ṣí

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ ìjà fúnra rẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Bí ewu bá ti yọjú, ní ìṣẹ́jú akàn, ẹṣẹ́ yìí a da oje ìtagìrì sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa lù kì-kì-kì, èémí a yára, ẹ̀jẹ̀ a fi ìfun sílẹ̀ a gba inú iṣan apá àti ẹsẹ̀ lọ, kí ẹni náà lè jà tàbí kí ó sá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oje náà kò mọ níbẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára a gbé ìròyìn rẹ̀ dé inú ọpọlọ, níbi tí kókó kékeré kan wà ní ìhà ọ̀tún àti òmíràn ní ìhà òsì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ ewu. Kókó ìfura ni a ó pè wọ́n. Lẹ́bàá wọn gan-an ni àká ìrántí wà, ibi tí ọpọlọ ti ń to ohun tí ojú rí jọ kí ó tó fi í pamọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ara bá tagìrì, kókó ìfura ni ó ń pàṣẹ fún àká ìrántí pé kí èyí má ṣe sọnù.

Ẹ wo aláró nídìí ìkòkò rẹ̀. Ewé ẹ̀lú nìkan kò lè mú aṣọ. Omi eérú tí aláró fara balẹ̀ sẹ́ ni ó ń jẹ́ kí àwọ̀ náà wọnú òwú, tí a ó fi fọ aṣọ náà títí tí yóò fi ya, tí aró kò sì ní kúrò lára rẹ̀. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, oúnjẹ tí a jẹ, ènìyàn tí a kí lọ́nà, aṣọ tí a rì sínú ẹ̀lú tí kò ní eérú ni: kò pẹ́ tí ó fi ń ṣí. Oje ìtagìrì ni omi eérú ìrántí.

Ní ọdún 1994, Larry Cahill àti James McGaugh pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kalifọ́níà fi èyí hàn ní ọ̀nà tí ó rọrùn láti lóye. Wọ́n fi àwòrán han àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn: ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń lọ kí baba ọmọ náà níbi iṣẹ́, ọkọ̀ gbá ọmọ náà bí wọ́n ti ń lọ lójú títì, wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fún àwọn kan ní oògùn tí kì í jẹ́ kí oje ìtagìrì ráyè ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn tí oje wọn ṣiṣẹ́ rántí apá tí ó bani lẹ́rù nínú ìtàn náà ju apá yòókù lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tí oògùn dí oje wọn, apá ìbẹ̀rù náà kò yàtọ̀ sí ìyókù.

Bí ìtàn lásán, tí a gbọ́ nínú yàrá tí ó tutù, bá lè ṣe báyìí, kí ni ká sọ nípa etí odò Kaladan? Ojú ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohùn rẹ̀ nígbà tí ó pe orúkọ ẹni, ọwọ́ tí ó nà láti fa ẹni dìde, gbogbo rẹ̀ wọ inú ìrántí ní wákàtí tí oje ìtagìrì kún inú ẹ̀jẹ̀ dé góńgó. Ẹni tí ó lè gbàgbé orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ọgọ́rin ọdún lè má gbàgbé bí bàtà ẹnìkejì rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà.

Ìyà tí a jọ jẹ

Ìyà gẹ́gẹ́ bí ìyà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń ṣe. Ní ọdún 2014, Brock Bastian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kó àwọn àjèjì jọ, wọ́n ní kí àwọn kan ki ọwọ́ bọ inú omi dídì, kí àwọn kan sì ki tiwọn bọ inú omi tí kò tutù. Lẹ́yìn èyí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ta ayò kan tí owó wà nínú rẹ̀, nínú èyí tí ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹgbẹ́ lè jèrè, tí ó sì lè pàdánù bí ẹgbẹ́ bá já a kulẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ fara da òtútù gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n lo ata wẹ́wẹ́ dípò omi dídì, ohun kan náà ni wọ́n rí. Ìrora a máa lé gbogbo ohun mìíràn kúrò lọ́kàn, a máa fi ènìyàn sí ojú kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì bá wa ní ojú kan náà kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́.

Ọ̀rẹ́ náà kì í sì í ṣe ìtùnú ọkàn nìkan, ó lè jẹ́ ìyè. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, nǹkan bí 45,000 ọmọ ogun ìhà Àríwá ni wọ́n tì mọ́ inú ọgbà Andersonville ní ìpínlẹ̀ Georgia láàárín ọdún 1864 àti 1865. Ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àìrí ẹ̀fọ́ jẹ pa nǹkan bí 13,000 nínú wọn. Dora Costa àti Matthew Kahn, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, fara balẹ̀ wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, wọ́n sì rí i pé bí ọ̀rẹ́ tí ẹnì kan bá nínú ọgbà náà láti inú ẹgbẹ́ ogun tirẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni ìrètí pé yóò jáde láàyè ti pọ̀ tó. Ọ̀rẹ́ ni ó ń ṣọ́ oúnjẹ ẹni lọ́wọ́ olè, ọ̀rẹ́ ni ó ń bu omi fún ẹni tí kò lè dìde, ọ̀rẹ́ ni ó sì ń sọ fún ẹni pé ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́.

Òkú tí ó wà láàárín wọn

Ìdè tí ó le jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí a kì í sábà sọ. Ní ọdún 1988, Glen Elder àti Elizabeth Clipp tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti jagun ní ogójì ọdún ṣáájú. Wọ́n rí i pé àwọn tí ẹlẹgbẹ́ wọn kú lójú wọn ni ó di àjọṣe ogun mú jù lọ lẹ́yìn ogójì ọdún, ju àwọn tí wọn kò pàdánù ẹnikẹ́ni lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó kú sójú ogun ní ọmọ ogún ọdún lè má fi ìyàwó sílẹ̀, ó lè má fi ọmọ sílẹ̀, ibojì rẹ̀ sì lè wà ní ilẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ kò ní fi ojú rí láéláé. Ibi tí ó ṣẹ́kù tí ó fi ń gbé láyé ni ọkàn àwọn tí wọ́n rí i bí ó ti ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti jà sì wà láàárín wa. Ará Ìbàdàn mọ Bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá. Ará Èkó mọ Bárékè Dodan ní Obáléndé àti ti Arakan ní Àpápá. Ìlú àti ilẹ̀ ogun ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ àwọn bárékè náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gba ẹ̀yìn ọgbà wọn kọjá kò sì mọ̀. Fún baba tí ó bá jà ní Letmauk, orúkọ ẹni tí ó sin síbẹ̀ ni orúkọ náà. Bí ó bá fẹ́ dá orúkọ ẹni náà, ta ni yóò dá a fún? Ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo rántí rẹ̀,” ni ọ̀rẹ́ tí ó kù. Nítorí náà ni ọ̀rẹ́ ojú ogun fi ń jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni púpọ̀: bí ẹni méjì bá jókòó, ìjókòó wọn ju ti ẹni méjì lọ.

Ogun ọjọ́ alẹ́

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Wọn kò fẹ́ dá ìyàwó lágara, wọn kò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá dé ibẹ̀, kò ṣeé fi ẹnu júwe fún un. Iṣẹ́ gbà wọ́n lọ́kàn. Àwọn kan tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọn dáhùn ìbéèrè wa, nítorí Costa àti Kahn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún rí i pé nígbà tí àwọn tí wọ́n ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń ṣí kiri lẹ́yìn ogun, ìlú tí àwọn ará ẹgbẹ́ ogun wọn bá wà ni wọ́n sábà máa ń yàn láti lọ tẹ̀dó sí.

Ìgbà tí ó bá wá di ọjọ́ ogbó, ohun mẹ́ta ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ìkíní, iṣẹ́ tí ó ń gba ọkàn ti tán, ìyàwó tàbí ọkọ ti lè ṣáájú, ilé ti dákẹ́. Ìkejì, nígbà tí a bá ní kí àgbàlagbà sọ ohun tí ó rántí nínú ayé rẹ̀, ìrántí láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n ọdún ni ó ń pọ̀ jù. Òkè ìrántí ni a ó pe ìgbà yìí, sáà náà gan-an sì ni ogun ń mú ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìkẹta ni ohun tí Laura Carstensen ti yunifásítì Stanford ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé, pé bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ọjọ́ tí ó kù kò pọ̀, a máa jọ̀wọ́ ojúlùmọ̀ lásán, a sì máa di àwọn díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ ọ́ lọ́kàn mú ṣinṣin.

Ohun mẹ́ta yìí lè jí ogun tí ó ti sùn. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Boston ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ó ti tọ́mọ, tí kò sì ní àìsàn ọkàn kankan fún ogójì ọdún, lè bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá ogun, kí ó máa sunkún nígbà tí a bá ń sọ ìròyìn ogun lórí rédíò, kí ó máa dárúkọ òkú tí kò dá rí. Ogun ọjọ́ alẹ́ ni orúkọ tí ó bá a mu. Kì í ṣe àmì pé orí ti dà rú. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tí ọkàn sún síwájú nígbà èwe ni ó padà wá ṣe: ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ ojú ogun ń di oògùn, oògùn náà sì ní ọ̀nà méjì tí ó ń gbà ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kìíní ni ti ara. Ní ọdún 2006, James Coan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n wà nílé ọkọ sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iná mànàmáná díẹ̀ lè ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbàkigbà. Nígbà tí obìnrin kan bá dá wà, apá ibi tí ń kéde ewu nínú ọpọlọ rẹ̀ a gbóná. Bí àjèjì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, a rọlẹ̀ díẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá di í mú, a rọlẹ̀ gidigidi, pàápàá bí ìfẹ́ àárín wọn bá dán mọ́rán. Ọpọlọ ń ka ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ agbára tí òun ní. Kò sì sí ẹni tí ọpọlọ ológun àtijọ́ ní ìdí láti gbẹ́kẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ ewu ju ẹni tí ó ti dúró tì í nínú ewu gidi lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti ìrántí. Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ọkàn, ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1980 pé àwọn tí wọ́n bá ti pẹ́ pọ̀ a máa pín ẹrù ìrántí láàárín ara wọn: ọ̀kan mọ orúkọ, èkejì mọ ọ̀nà, olúkúlùkù sì mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ìrántí àjọní nìyí. Baba kan lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí kò lè parí, ẹnìkejì rẹ̀ a fi orúkọ kan tì í, ìtàn náà a sì dìde fún àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó jókòó tì wọ́n lè máa rò pé òun ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ nígbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń gbé ohun tí ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ padà sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, níwájú ẹlẹ́rìí tí kò ní sọ pé irọ́ ni.

Ní ọdún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn 308,849, wọ́n sì rí i pé ìrètí àtiwà láàyè títí ìwádìí fi parí fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú ènìyàn lágbára ju àwọn tí tiwọn kò lágbára lọ. Gbogbo irú àjọṣe ni wọ́n kà, kì í ṣe ti ológun nìkan; ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí ó ti pa ojú ọ̀nà ọkàn rẹ̀ dé mọ́ gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹni kan ṣoṣo tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Kò yẹ kí a bu ọlá fún ohun kan títí tí a ó fi purọ́ mọ́ ọn. Ìrántí tí ó lágbára lè ní àṣìṣe nínú, àwọn tí wọ́n sì ń sọ ìtàn kan náà pọ̀ lè ya àṣìṣe ara wọn lò. Ìpàdé tí kò ní ju ọtí mímu lọ kì í wo ọgbẹ́. Àwọn kan wà tí ojú ẹlẹgbẹ́ ogun wọn ń ta lẹ́gbò tí wọn kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti má lọ. Ẹni tí kò bá lè sùn, tí ń bínú láìnídìí tàbí tí ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ọ̀rẹ́ ń ti dókítà lẹ́yìn ni, kò lè gba ipò rẹ̀.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé àwọn tí wọ́n jà ní ìhà kan náà nìkan ni ìdè yìí ń dè. Ní ọdún 1913, nígbà tí ìjà Gettysburg, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, pé àádọ́ta ọdún, àwọn ológun àtijọ́ tí wọ́n lé ní 50,000, láti ìhà Àríwá àti ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà, pàgọ́ sórí pápá ogun náà. Níbi ògiri òkúta tí wọ́n ti pa ara wọn nígbà èwe ni àwọn arúgbó náà ti na ọwọ́ kọjá sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n tún pé jọ ní 1938, àwọn tí ó kù tí wọ́n lè wá kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó wà ní òdìkejì lọ́jọ́ náà mọ ohun tí ọmọ bíbí inú ẹni kò mọ̀: ó mọ bí èéfín náà ti rùn.

Èyí kàn wá nílé. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1968 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, ìbáà ṣe ìhà ìjọba àpapọ̀ ni ó wà, ìbáà ṣe ìhà Biafra. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní lọ́dọọdún, a ń fi òdòdó sí ibojì ológun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a mọ orúkọ wọn ṣì jókòó sílé. Ẹ bi baba yín, tàbí ìyá yín tí ó ṣe nọ́ọ̀sì nígbà ogun náà, pé ta ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ẹ wá ẹni náà kàn, bí ẹsẹ̀ bá ti kọ̀, ẹ pè é lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, bí wọ́n bá sì dákẹ́, ẹ má ṣe rò pé kò sí nǹkan tí ó ń lọ. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ bá èkejì dárò gẹ́gẹ́ bí a ti ń bá ọmọ ìyá òkú dárò, nítorí ohun tí ó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré sí ti ọmọ ìyá. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun nìkan ni ó kù nínú gbogbo wọn, kí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ kan jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ó máa béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa kọ ọ́ bí ó bá ti ń dá a. Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò sí lójú ogun kò lè ṣe é tán, ṣùgbọ́n ó lè bá a gbé e.